Wúrà Ọkọ Mi Lẹ́nu Aṣòfin

Àbúrò ọkọ mi ni aṣòfin tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé kiri Queens ní New York yìí. Kó tó di aṣòfin, lọ́yà ni. Kó tó di lọ́yà, ó ní òun wa wúrà. Ó ní òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé odò wúrà nígbà tí ariwo wúrà sọ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí èèyàn ń ti ibi gbogbo ya wá. Dídé ló dé. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń se oúnjẹ tó ń jẹ.

Ọkọ mi ló wa wúrà. Láti àárọ̀ ni yóò ti wọnú odò, omi á mù ún dé orúnkún. Á gbẹ́ yẹ̀pẹ̀, á dà á sínú abọ́, á máa yí i, á máa yí i, títí ẹrẹ̀ á fi ṣàn lọ, tí bíńtín tó ń dán á kù sí ìsàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Orí àpáta ló ń jókòó sí, tòun ti bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀, létí odò! Ó ní eṣúṣú á mu òun lẹ́jẹ̀.

Ẹnu ni iṣẹ́ tó mọ̀. Bí ẹni méjì bá ń jà nítorí ààlà kòtò, á dìde, á gbọn ṣòkòtò rẹ̀, á dájọ́ fún wọn, wọ́n á sì bu ẹran ìgbẹ́ fún un. Ibẹ̀ ló ti rí i pé òun lè di lọ́yà. Wúrà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ló gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Amẹ́ríkà.

Nígbà tí àwa náà fi máa dé New York, orúnkún ọkọ mi ti bàjẹ́. Òkè pátápátá la ń gbé ní Soundview, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè kì í sì í ṣiṣẹ́. Lọ́yà á páàkì mọ́tò sísàlẹ̀, á fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọjú lójú fèrèsé kí n rí yín." Ọkọ mi á yọjú, á juwọ́, inú rẹ̀ á dùn. Èmi á pòṣé. Bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn nìyẹn títí ọkọ mi fi kú.

Mo fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè gbà ni ìwé ìpolongo ìbò tí ọmọ ọmọ mi, ẹni tó ń bá mi kọ eléyìí, gbé wálé sí Cambria Heights, níbi tí mò ń gbé báyìí, tó kà fún mi. Aṣòfin ní òun ló dúró nínú omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, wúrà tí òun wà lòun sì fi tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun tí ara rẹ̀ ò le.

Ọmọ náà ní, "Grandma, ẹ ò sọ fún wa rí pé ara Grandpa ò le."

Aṣòfin ti jí iṣẹ́ òkú, ó tún fẹ́ jí i kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ òkú.

Mo ní, "Irọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n Grandma, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde."

Ẹ gbọ́ ọmọ ìwé!

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní St. Albans. Ìsìn parí, ó gba makirofóònù, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wúrà. Ó tajú kán rí mi. Ó fẹ́ kí àwọn Yorùbá rí i pé ọmọ ilé lòun ṣì jẹ́.

"Ìyàwó ilé wa rèé! Ìyàwó wa, ẹ dìde, ẹ kí mi bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ nílé. Àwọn ọmọ wa níbí ò rí irú rẹ̀ rí."

Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di òpè. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ ni. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí ìyá àti bàbá wọn sọ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún wọn lórúkọ, ohun tó bá rí lára wọn ni yóò fi pè wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú. Aṣòfin ti gbàgbé orúkọ tí mo sọ ọ́ létí odò.

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ọkọ mi Ẹlẹ́sẹ̀-gbígbẹ, ẹ kú àbọ̀ o! Ẹlẹ́sẹ̀-gbígbẹ tí í wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sódò! Ẹ̀gbọ́n ń wa wúrà, òun ń ṣọ́ bàtà!"

Ìyá kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, ló bá ran gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń pàtẹ́wọ́.

Aṣòfin ń nu òógùn. "Ìyàwó wa, ẹ ò ní yé ṣàwàdà. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò dìde.

Bàbá àgbàlagbà kan ní ìjókòó iwájú bi í pé, "Ọ́nọ́rébù, ta ló wá wa wúrà ọ̀hún gan-an?"

Ó wò mí nílẹ̀. Ó gbé makirofóònù kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Bàbá náà ní, "Ẹ sọ ọ́ sínú makirofóònù, a ò gbọ́."

Ó sọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló wá fà mí dìde.

Wọ́n tún dìbò fún un. Ọmọ yìí pàápàá dìbò fún un, ó ní òfin tó ṣe lórí owó ilé dáa. Ó dáa náà, kó máa ṣòfin rẹ̀ lọ, iṣẹ́ ẹnu kúkú ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tuntun tó tẹ̀ jáde, ilé ẹ̀kọ́ òfin ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé rẹ̀. Kò débi wúrà.