Ohun Tí Wọ́n Kọ Nípa Ọmọ Mi Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ̀yin tèmi. Kí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọlé wá, n kò lè pariwo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Àbúrò nínú wọn ni ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù bí ẹni pé òun gan-an ló ń gbá a. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣaájú, òun náà sì kú sórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀, obìnrin. Lọ́jọ́ tí a sin ín, àbúrò pọn ọmọ náà, kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nílé wa, ẹni tó bá tọ́ ọmọ ni ìyá rẹ̀. A fẹnu kò pé bó bá gbọ́njú tán, a ó sọ fún un. Ọdún ń gorí ọdún, ẹnu wa ń wúwo sí i. Ọmọ ti wọ girama ní àdúgbò Fate, níbí ní Ìlọrin, “Mọ́mì” ló ṣì ń pe àbúrò, kò mọ ìyá mìíràn.

Lọ́jọ́ kan ni àbúrò sáré wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Adéwọlé. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá mi.

“Bàbá, ẹ wo nǹkan.”

Ìwé ìmọ̀ ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ló ṣí fún mi, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbẹ̀: ìlú tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ, ìdíje tó kọ́kọ́ ṣàlàyé. Mo ti fẹ́ máa yọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sísàlẹ̀. Wọ́n ní kò tíì bímọ, pé ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tọ́.

“Ta ló sọ fún wọn?”

“Àwa náà ni, Bàbá.”

Ó tẹ ibì kan, fídíò jáde. Àdúà fìdáù tí a ṣe nígbà tí ìyá mi kú ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: kálukú á sọ orúkọ òkú tirẹ̀ fún àfáà, àfáà á máa pè wọ́n sínú àdúà. Ìyàwó mi rò pé bí òun kò bá júwe òkú òun dáadáa, àdúà lè ṣìnà. Ló bá ní kí wọ́n pe “ìyá ọmọ tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.” Bẹ́ẹ̀ náà ni àfáà ṣe pè é sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ náà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ayafídíò wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi káwọ́ lérí. “Yéè! Àfi bí ẹni pé Ọlọ́hun ò mọ ọmọ mi!”

“Ìwọ náà ṣe é bí ẹni ń júwe àdúgbò Ṣàngó fún ọlọ́kadà,” ni mo wí.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Àbúrò ti pa gbólóhùn náà rẹ́. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi dá a padà. Ó kọ̀wé sí wọn; ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí fèsì pé ẹ̀rí wà, àti pé kò yẹ kí èèyàn máa tún ìtàn ara rẹ̀ kọ.

“Mo bẹ̀ wọ́n pé ọmọdé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá. Wọ́n ní ṣé irọ́ ni?”

Àfáà mú kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò. Omi ti dànù. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, mo máa ń rò pé ọmọ ti gbọ́. Ibi tí a wà nìyẹn tí ọmọ fi ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ayọ̀: olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní kí kálukú wá ìtàn ọmọ Ìlọrin kan tó lókìkí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Mọ́mì mi ni màá mú! Àwọn yòókù ń jowú.”

Àbúrò wò mí. Kò sí ọ̀la tí a ó sún un sí mọ́.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì, mo pe ọmọ náà jókòó. Mo ti sọ ìtàn púpọ̀ láyé mi, èyí ló le jù. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò àti ìyàwó mi wà níbẹ̀.

“Ṣé gbogbo yín lẹ mọ̀?” ni ọmọ bi wá.

“Gbogbo wa ni.”

“Àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì náà mọ̀?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Èmi nìkan ló wá kù.”

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àbúrò fẹ́ tẹ̀lé e, ìyàwó mi dì í mú: “Jẹ́ kó sunkún ìyá rẹ̀. Kò sun ún rí.”

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí ọmọ náà kò fi orúkọ kankan pe àbúrò. Á kí i, á kúnlẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò rù bí ẹni tó ṣàìsàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ilé ṣókùnkùn lójijì, a sì gbọ́ ohùn láti ilé ìdáná: “Mọ́mì! Wọ́n ti mú iná lọ o!” Àbúrò dáhùn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi ṣí àpótí rẹ̀: ìborùn àti tẹ̀sùbáà ìyá tó bí i ni ọmọ náà jogún. Ìyàwó mi jogún àpótí òfìfo tó kó wọn pa mọ́ sí. Ìpè tó gbọ́ nínú òkùnkùn ni ogún àbúrò. Tèmi ni ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, torí gbólóhùn náà ṣì wà níbẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń ní kí wọ́n ṣí i fún mi, kí n mọ ohun tí wọ́n tún fi kún un.