Epo Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò ọlọ́mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń gbé e sí, ariwo rẹ̀ ló sì ń bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun. Ó kàn mí dáadáa.

Abẹ́rẹ́ ló ni mọ́tò náà. Aránṣọ ni, ó sì tín-ín-rín, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ń jẹ́ mi. Ọgbà kan náà la jọ ń gbé, èmi lápá ọ̀tún, òun àti ìyá rẹ̀ lápá òsì. Mọ́mì ti gbàgbé ohun tó pọ̀. Ilé tó ti bímọ, tó ti tọ́mọ, kò mọ̀ pé ilé òun ni mọ́. Látàárọ̀ ló ti ń sọ pé, "Ẹ gbé mi lọ sílé." Tí wọ́n bá ní ilé rèé, á bú sẹ́kún, á ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ẹni tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gan-an, Abẹ́rẹ́ ni. Mọ́mì ò gbà kí ẹlòmíì tọ́jú òun. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ wò, ó sọ kọ́ọ̀pù bà mí níwájú orí. Àfi tó bá ń sùn lọ́sàn-án ni mo lè jókòó tì í, kí Abẹ́rẹ́ fi sáré lọ sáré bọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Abẹ́rẹ́ ti bímọ nílùú kan tó jìnnà. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ìyá àgbà rẹ̀ ò tíì rí i àfi nínú fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé yìí nìyẹn: kó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ kó tó di pé ọmọ náà ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé òun mọ́.

Ẹni kan ló lè tú u sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Mọ́mì ṣì mọ ohùn rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín tó bá ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Tó bá wá bá ìyá rẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ kan péré, àbúrò rẹ̀ á lọ, á bọ̀. "Mò ń bọ̀," ló máa ń sọ. Ó ti sọ ọ́ títí, mo ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Mò-ń-bọ̀. Abẹ́rẹ́ á ní kí n pa ẹnu mi dé, òun náà á wá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ kú pátápátá, ó ní òun fẹ́ irú èyí tó ń lo iná àti epo pọ̀, téèyàn ń fi wáyà so mọ́ iná ara ògiri bíi fóònù. Kò lè lọ bá ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń tà á ló gbé e wá sínú ọgbà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, "Mà, ibo lẹ máa ń wakọ̀ lọ?"

"Ilé òògùn," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Àti ibi tí mo ti ń ra aṣọ."

Ọkùnrin náà ń retí èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù. Ojú ti ọ̀rẹ́ mi, mo sì rí i.

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà, èyí tó ń lo iná nìkan ti tó yín. Ẹ ò kàn ní máa gbé ẹ́ńjìnì tí ẹ ò lò kiri. Epo tó bá sì pẹ́ jù nínú táǹkì, ó ń bàjẹ́."

"Mo fẹ́ lọ wo ọmọ ọmọ mi. Ọ̀nà yẹn jìn."

"Ìgbà wo lẹ ń lọ?"

"Tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé."

Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, mo ṣẹ́jú sí i pé kó má dá a lóhùn.

Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ ni Mọ́mì ti jáde, ó wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Wọ́n gbé e jáde díẹ̀, iná ni wọ́n lò, mọ́tò ò dún. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, ó ti ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun ò mọ ọ̀nà yẹn, wọ́n ti jí òun gbé. Wọ́n yáa padà. Nínú ọgbà ni ọkùnrin náà ti tẹ bọ́tìnì kan láti fi bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún hàn wá. Mọ́mì fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "A ti ń lọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún Abẹ́rẹ́ pé kó ra oníná, kó yé gbójú lé ẹnu ẹnìkan. Inú bí i sí mi. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ra èyí tó lépo," ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Oṣù tó ń bọ̀, mo ti dé." Ó rà á. Ó lọ rọ epo kún táǹkì, ó ní epo ọ̀nà jíjìn ni, iná ni òun á máa lò láàárín ìgboro.

Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó sì lọ. Wọn ò fún Bọ̀dá láyè níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn ń dùn ún. Tí mo bá rí i, màá sọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́mì di géètì mú, ó ń fà á, ó ń sunkún títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Abẹ́rẹ́ gbé e sẹ́yìn mọ́tò, òun náà jókòó síwájú, ó tẹ bọ́tìnì yẹn. Ẹ́ńjìnì dún, ẹkún dá. Láti ìgbà náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, wọ́n á wọnú mọ́tò, wọ́n á jókòó, ẹ́ńjìnì á máa dún lójú kan. Mọ́mì á máa bi í pé ṣé ó kù díẹ̀, Abẹ́rẹ́ á ní ó kù díẹ̀.

Lánàá, mo ń dirun fún oníbàárà kan nígbà tí ẹ́ńjìnì dákẹ́ lójijì. Mo jáde. Epo ti tán. Gbogbo epo ọ̀nà jíjìn yẹn, kò jáde ní géètì. Abẹ́rẹ́ fi orí lé ọwọ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

Mọ́mì nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ pa á léjìká.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ọ̀nà yẹn mà jìn o."

"Ó jìn, Mọ́mì."

Mo padà wọlé lọ mú kẹ́ẹ̀gì, mo sì lọ ra epo wá.