Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọ̀rọ̀-Ìṣe Òyìnbó Jó Ẹja

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajídò, kò sí ọmọ tó mọ̀wé tó mi. Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ayé ìjọba sójà, tí a ń tò lórí ìlà nítorí ṣúgà. Ẹja nìkan ni kò wọ́n ní tiwa, nítorí etí omi ni a wà.

Tísà wa kọ́ wa ní àfòmọ́ ìparí nínú èdè òyìnbó. Ó ní tí a bá lẹ “-en” mọ́ ẹ̀yìn “soft”, ó di “soften”, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, kéèyàn mú nǹkan rọ̀. “Beauty” náà di “beautify”, kéèyàn mú nǹkan lẹ́wà. Ó ní ká há ogún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí di ọjọ́ kejì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Èmi ò ronú ìkúnlẹ̀ o, àtẹ́wọ́ ni mò ń retí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi to ṣáwá sórí àwọ̀n irin, ó fi èèpo àgbọn dáná sábẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni ọjà tó ní láti tà lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ ni a ó ti jẹun. Ó ní kí n máa yí i, kí n máa wọ́n omi síná tó bá fẹ́ ràn, ó sì lọ pọnmi. Bó ṣe lọ tán, mo kọjú sí igi àgbọn, mo sọ ọ́ di kíláàsì. Mo ń pariwo “strengthen”, mo ń pariwo “purify”, mo tilẹ̀ tẹríba fún àtẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pa. Kí n tó gbọ́ òórùn, ẹja ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Tí inú bá bí ìyá mi, èdè Ègùn ló fi ń bú ni. Lọ́jọ́ yẹn tó pọnmi dé tó rí ẹja, kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n ka ohun tí mò ń kọ́. Mo kà á tẹkúntẹkún. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Nínú gbogbo èyí tí o kà, èwo ló ń yí ẹja?” Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ó ha èyí tó ṣeé ha, ó gbé e lọ sọ́jà. Àǹtí mi tó bá a lọ ló ròyìn fún mi pé gbogbo ẹni tó bá fajú ro sí ẹja náà ni ìyá mi ń sọ fún pé, “Ọmọ mi ló ń kàwé òyìnbó tó fi jóná. Ẹ bá mi rà á.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á tán.

Lóde òní, fóònù ni ọmọ mi ń bi, kíá ló ti dá a lóhùn, ẹja kankan kì í jóná. Mo máa ń bi ara mi bóyá èmi lè ru irú ẹja yẹn lọ sọ́jà, kí n máa fi ọmọ yangàn. Ká sòótọ́, màá kọ́kọ́ nà án ná.