Ìyá Ó-Wọ́n-Jù àti Agboòrùn Tí Kò Rà

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2019, aránkọ́tìnnì kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó níwájú dókítà, ó sì ná àìsàn ara rẹ̀ bí ẹni ń ná aṣọ. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà kiri ní ńṣe ló kúnlẹ̀, tó ń sunkún. Irọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, akọ̀wé kóòtù, wà níbẹ̀. Ó ní ìyá òun gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ ni, èyí tó sì gbé sókè ni èyí tí wọ́n lè gé.

Gbogbo àdúgbò ló mọ obìnrin náà sí Ìyá Ó-Wọ́n-Jù. Ọgbẹ́ kan wà ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Dókítà, obìnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ti so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó tú u, ó tún so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dókítà, ẹsẹ̀ nìyẹn o. Apá ń bẹ lókè."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ń dé apá ń dé ẹsẹ̀ bákan náà."

"Ṣé ó ń dé?"

"Kò dé dáadáa. Iṣan tó ń gbé e lọ ti ń dí. Ohun tó sì ń fà á pọ̀: sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ orí, àti pé nǹkan oṣù yín ti dáwọ́ dúró."

"Ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ná an. Ọjọ́ orí, ẹ yọ ọ́, èmi kọ́ ni mo bí ara mi. Nǹkan oṣù, ẹ yọ òun náà, òun ló kọ̀ mí sílẹ̀, n ò lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru, mo gbà, n ó máa lo oògùn. Àtọ̀gbẹ, ká pín in sí méjì: ẹ mú ṣúgà inú tíì, ẹ fi bísíkíìtì sílẹ̀ fún mi. Ó wá ku sìgá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn, ẹ fi ṣe ènì."

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó mọ Ìyá Ó-Wọ́n-Jù láìsí sìgá ní igun ẹnu. Ó ń mu ún bó ti ń gẹṣọ, ó ń mu ún bó ti ń ránṣọ. Nígbà kan, iná rẹ̀ jó ihò roboto sára kọ́tìnnì oníbàárà kan. Oníbàárà náà na aṣọ náà sókè, ó rí ojú ọ̀run láti inú ihò náà.

"Màmá, ihò wo lèyí?"

"Ojú atẹ́gùn ni. N ò gbowó lórí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe oníbàárà. "Sìgá kì í ṣe ènì, Màmá," ló wí. "Òun gan-an lọjà. Bí ẹ ò bá jù ú sílẹ̀, ẹsẹ̀ yìí lè lọ. Tí ẹ bá ń rìn, ṣé ẹ̀yìn ojúgun yín kì í fún pọ̀?"

"Rárá o."

Ọmọ rẹ̀ gbè é lẹ́yìn. "Òótọ́ ni, Dókítà. Gbogbo Àbámẹ́ta la jọ ń rin òpópónà ọjà já. Wọn kì í ráhùn. Wọ́n kàn máa ń dúró nájà ni."

"Wọ́n máa ń dúró?"

Akọ̀wé kóòtù yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó rántí alágboòrùn kan ní òpópónà náà. Àtọdúnmọ́dún ni ìyá rẹ̀ ń ná agboòrùn dúdú kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà, tí á ṣí i, tí á pa á dé, tí á pe alágboòrùn lólè, tí á sì lọ. Ó tún rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ káfíńtà tó ń kan pósí. Kò sí nǹkan mìíràn láti ná níbẹ̀, ó bá ná pósí. Ó ní àfi kí òun wọ̀n ọ́n wò. Ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ fàlàlà, ó pajú dé, káfíńtà dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Nígbà tó ṣe, ó dìde. "Ibi ẹsẹ̀ há," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "agboòrùn yẹn..."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Obìnrin tó bá dúró lójú títì lásán, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti yí. Èyí tó bá ń nájà, wọ́n á ní ó gbọ́n."

Dókítà mi orí. Ó ní báyìí ni àìsàn náà ṣe ń fara pamọ́ sára ọ̀pọ̀ obìnrin: wọn ò ní í pariwo, wọ́n á kàn yí ìrìn padà, gbogbo ènìyàn á sì máa pè é ní làkúrègbé. Ó wá sọ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ ju sìgá nù. Ẹ lo oògùn. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, ẹ máa rìn. Tó bá dùn yín, ẹ dúró. Tó bá lọ, ẹ tún rìn.

Ìyá Ó-Wọ́n-Jù yíjú sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù. "O gbọ́? Ọjà nínà ni Dókítà kọ fún mi."

Wọ́n ti ń dìde nígbà tí dókítà tọ́ka sí báàgì akọ̀wé kóòtù. "Ẹ̀yin ńkọ́? Sìgá tó ń yọjú níbẹ̀ yẹn, ti Màmá ni?"

"Mo bá wọn gbé e dání ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ jọ ní. Ẹ wá ká yẹ yín wò."

"N ó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì dé.

Ìyá Ó-Wọ́n-Jù ju sìgá nù lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiyèméjì, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú inú ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rí nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀kì tí aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ ni ìyá náà fi rọ́pò sìgá ní igun ẹnu. Ètè rẹ̀ funfun bí ti ẹni tó jí ìyẹ̀fun lá.

Ọgbẹ́ jinná, ó padà sójú títì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ta sáàárín àwọn ọlọ́jà. Alágboòrùn ti gbé àga sílẹ̀ dè é. "Màmá, ẹ jókòó. Iye tí ẹ ń pè é látijọ́, mo gbà."

Ìyá náà gbaná jẹ. "Ta ló ní kí o gbà? Àánú lo wá ń tà báyìí ni? Ìwọ á ní kò gbà, èmi á bínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn!"

Ọkùnrin náà fa agboòrùn dúdú náà sẹ́yìn. "Kò gbà, Màmá."

"Olè!" ni ìyá wí, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó sì jókòó sórí àga.

Lọ́dún tó kọjá, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú oorun. Dókítà ní iṣan tó ń dí lẹ́sẹ̀ kì í sábà yọ ti ọkàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ló bá a lọ. Káfíńtà ló kan pósí náà. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ó mú ibi ẹsẹ̀ fẹ̀.

Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́ tán, akọ̀wé kóòtù dá nìkan rin òpópónà ọjà ní Àbámẹ́ta kan. Ó kọjá lọ́dọ̀ káfíńtà, wọ́n kí ara wọn. Kò jìnnà síbẹ̀ tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ fi fún pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi okùn dì í. Ó dúró níwájú alágboòrùn. Ó na ọwọ́ mú agboòrùn dúdú náà, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì béèrè iye rẹ̀. Alágboòrùn sọ fún un.

"Ó wọ́n jù," ló wí.

Alágboòrùn kò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Ó fa àga náà jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí rẹ̀.

"Ọmọ Ìyá Ó-Wọ́n-Jù," ló wí, "ẹsẹ̀ wo ni?"