Orúnkún Tí Ìyá Àgbà Nawọ́ Sí

Òórùn ìpara gbígbóná àti ti ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní yàrá ìyá àgbà mi ní Bàrígà. Ẹja ni wọ́n ń yan tà. Èmi, ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin, ń kọ́ iṣẹ́ físíò, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan. Ọdún méjì péré ni mo tíì lò lẹ́nu ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ẹnu mi, ẹ ó rò pé èmi ni mo to eegun ọmọ aráyé.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dun ìyá àgbà. Mo bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n, wọ́n nawọ́ sí orúnkún. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ká a, mo nà án, n kò rí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n fẹsẹ̀ kan dúró kí n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ló ń fẹsẹ̀ kan dúró. Èmi ti pẹ́ ní Bàrígà o, dókítà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi í sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń fi ìpara ra orúnkún tí kò ṣẹ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n lè fẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé wa létíkun Oǹdó nígbà Kérésìmesì.

Nígbà tó yá, mo mú wọn lọ bá ọ̀gá mi ní ilé ìwòsàn, obìnrin ni. Ó lé mi síta. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ń gbọ́ ọ.

"Màmá, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ká ẹsẹ̀ yìí sókè, kí n yí i sínú díẹ̀."

Ìyá àgbà figbe ta.

"Níbo gan-an, Màmá?"

Ohùn wọn lọ sílẹ̀, n kò gbọ́ ìdáhùn. Ọ̀gá mi jáde, ó ní oríkèé itan ló ti bàjẹ́, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ìrora rẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Ojú ti ìyá àgbà láti nawọ́ síbẹ̀ níwájú ọmọkùnrin. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ti pẹ́ jù, ìtọ́jú kò lè mú kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ mọ́.

Ní Kérésìmesì ọdún náà, èmi ni mo gbé wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n fi ojú pamọ́ sí èjìká mi, wọn ò kí ẹnikẹ́ni ní èbúté.

Wọ́n ti sùn báyìí. Àárò wọn ń sọ mí gan-an, pàápàá bí màmá kan bá wọlé wá síbi iṣẹ́ mi tó ń di orúnkún mú. Nọ́ọ̀sì obìnrin ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Ì bá ṣe pé ìyá àgbà lè tún wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n, ǹ bá sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, kí n jáde kí wọ́n tó dáhùn.