Irin Orí Ibojì Bàbá Mi

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé irin náà sórí ibojì bàbá mi. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Bàbá mi ti ṣọ́ ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ní Tchamba rí, kó tó padà sídìí iṣu ní Kambolé. Nígbà tí wọ́n wó ilé náà, ó mú orí irin tó máa ń gba àrá lórí òrùlé wálé. Ó ní ibi tí irin yìí bá wà, àrá ò ní jà níbẹ̀. Nígbà tó kú, a sin ín sẹ́yìn ilé, nítòsí àká iṣu. Nílé tiwa, ohun tí ọwọ́ òkú mọ̀ láyé la fi ń sàmì sí ibojì rẹ̀. Ọkọ́ ni ti àwọn yòókù. Ìyá mi ri irin mọ́ ìgbèrí bàbá mi kí àrá má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo Jímọ̀ ló ń jókòó tì í, tí ó ń ròyìn àgbàdo àti àwọn ọmọ-ọmọ fún un. Ó ti fi ibi tí wọn yóò sin òun sí hàn wá: apá òsì rẹ̀ gan-an.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló wá láti Sokodé, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wá irú irin bẹ́ẹ̀ kiri. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ẹ̀yìn ilé wa, ó ké bí ẹni tí ìjàlọ ta. Ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́ èdè wa.

“Màmá, ẹ má bínú. C'est radioactif. Ìtànṣán tójú ò rí ń jáde lára rẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò dáa kéèyàn máa jókòó tì í.”

“Ẹ gbé e lọ, nígbà yẹn.”

“A ò tíì ní ibi tá a máa gbé e sí. Ilẹ̀ tó yí i ká náà, a máa kó o. Àwọn ìjọba tó múlé ti ara wọn ló fẹ́ jọ kọ́ ilé kan fún irú ẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, Màmá.”

“Òótọ́ ni. Orí ta ni ẹrù náà wà báyìí?”

Wọ́n da sìmẹ́ǹtì bo irin, wọ́n fi wáyà yí gbogbo ibẹ̀ ká, títí kan apá òsì.

Kouloundè, ní Sokodé, ni mò ń gbé, alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò. Bí rédíò bá ti dárúkọ ìpàdé àwọn ìjọba náà, mo máa ń dúró gbọ́. Orílẹ̀-èdè kan ní kí wọ́n má kọ́ ilé náà sọ́dọ̀ òun. Òmíràn ń bèèrè ta ni yóò ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ta ló máa fẹ́ ìdọ̀tí aládùúgbò lẹ́yìn ilé ara rẹ̀? Ẹ̀yìn ilé tiwa ṣáà ni ó wà.

“Ṣé wọ́n ti parí ìpàdé?” Ìyá mi á bi mí lórí fóònù.

“Wọ́n tún sún un síwájú, Ìyá.”

Ní Jímọ̀, ó ń jókòó sí ìta wáyà, ó sì ń pariwo ìròyìn rẹ̀. Etí bàbá mi ti di kó tó kú. Ìyá mi ní òun ò fẹ́ kó máa bi òun pé kí lo wí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ebè kíkọ, ni ìyá mi kú. Mo pe ọkùnrin Benin náà. Ó bẹ̀ mí pé ká má wọ inú wáyà. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ìpàdé. Lẹ́yìn ìrun Àìlà, a sin ín sí ìtẹ́ òkú ìlú, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọkàn mi gbọgbẹ́ níjọ́ náà, kò tíì san.

Iṣu ti wọ àká nígbà tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí ìwé wọn, tí wọ́n yan ibi tí irin yóò máa wà kí ilé náà tó parí, tí ọkọ̀ sì dé. Ìrẹsì tí ìyàwó mi gbé kaná nílé Ìyá kò tíì jinná tí wọ́n fi hú irin àti ilẹ̀ tó yí i ká kó sọ́kọ̀ tán. Ọkùnrin Benin ká wáyà, ó gbé ẹ̀rọ kọjá lórí ilẹ̀, kò ké.

“Ó ti parí. Níbo lẹ wá sin Màmá sí?”

Mo nawọ́ sí ọ̀nà ìtẹ́ òkú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ́ ẹní sí apá òsì bàbá mi. Mo gbóhùn sókè, mo sọ fún un pé ìpàdé ti parí. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń sọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ sùn sí fún un.