Èsì Ẹ̀jẹ̀ Adépéjú

Adépéjú aránṣọ kò mọ irọ́ í pa. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àkúrẹ́, bí aṣọ kò bá yẹ oníbàárà, ojú onítọ̀hún ni yóò ti sọ ọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹnu yìí fẹ́ kọ̀ ọ́.

Òun àti Akíntóyè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ní Oǹdó. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kéde ìgbéyàwó wọn lẹ́ẹ̀mejì, àlùfáà sì ní òun ò ní kéde ẹlẹ́ẹ̀kẹta láìrí èsì. AS ni Akíntóyè. Bí Adépéjú náà bá jẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ SS, tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde tó pa Kìtán, àbúrò Akíntóyè. Akíntóyè ti búra pé òun ò ní fi ojú òun rí irú ikú bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyáàfin Oyèbọ́lá tó ṣe àyẹ̀wò jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. "AA ni ìyàwó wa!"

Akíntóyè ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti fò síta, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè tó yẹ kí Ìyáàfin Oyèbọ́lá fi ṣáájú ló wá fi kẹ́yìn.

"Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́ yìí, àbí?"

Oṣù tó kọjá, ọ̀kadà gbé Adépéjú ṣubú lọ́nà Ìgbàrà-Òkè, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i kì í ṣe kékeré.

"Kí ló dé, mà?"

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí èèyàn lè bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n wá ka ti ẹlòmíràn bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá fà á, ẹ máa ní láti padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin."

Rárá ni yóò sọ, ọ̀rọ̀ parí. Ta ni yóò mọ̀? Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ń gbọ́ Akíntóyè níta: "Ìye mi, ẹ kọrin, AA ni!" Ọkùnrin náà ń sunkún ayọ̀. Adépéjú fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ pàdánù rẹ̀.

"Wọ́n fà á, mà," ló sọ níkẹyìn. "Ó pọ̀."

Ó jáde lọ bá Akíntóyè, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Tóyè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n rí. A ò tíì mọ tèmi."

Nínú fóònù, ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń kọrin ọpẹ́.